Kí igbá ìyá mi bímọ: bí a ṣe fi igbá fínfín ṣe láńpù orí tábìlì

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé iṣẹ́ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa n'Ìbàdàn. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè wọ́n níhìn-ín. Láńpù kan ni wọ́n fẹ́, èyí tí yóò máa wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fẹ́ máa fi ka Bíbélì lóru láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jí Bàbá, ọkọ wọn, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ àwọn lè wá súìṣì rẹ̀ rí nínú òkùnkùn. Kò gbọdọ̀ ṣubú bí aṣọ ìbora bá fà á. Ínfátà kékeré tó wà nílé gbọ́dọ̀ lè gbé e di àfẹ̀mọ́jú, nítorí pé iná ìjọba kì í dúró pẹ́ ní àdúgbò wọn. Ìgbà tí wọ́n sọ gbogbo èyí tán ni wọ́n tú ìdì aṣọ kan tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀, tí wọ́n mú igbá kan jáde.

Igbá fínfín Ọ̀yọ́ ni. Ìyá wọn ló fi sínú ẹrù ìyàwó wọn. Ara rẹ̀ ti pọ́n, ọjọ́ ti dán an, iṣẹ́ ọnà tó yí i ká sì mọ́ kedere síbẹ̀: ìlà tó já ara wọn kọjá, ojú mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké láàárín wọn, àti ẹja kan tó ń tẹ̀lé òmíràn nísàlẹ̀. Ó ti là díẹ̀ létí rí, ẹnì kan sì ti fi kàsẹ́ dè é dáadáa.

"Òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe é," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má lu ú o. N ò fẹ́ ihò kankan lára igbá ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gba ìrònú. Igbá kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi igbá ṣe láńpù, dírílì ni wọ́n ń gbé tì í, wọ́n á lu ihò wẹẹrẹ sí i lára kí iná lè yọ. Ìyá Tíṣà ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n dán oríṣiríṣi nǹkan wò ná, kí wọ́n sì gbé igbá náà padà lọ sílé títí n ó fi mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Wọ́n gbà.

Gílóòbù ni mo kọ́kọ́ mú, torí pé òun ló ń pinnu ohun tí a lè fi bò ó. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn wáyà tín-ín-rín nínú, ooru ló ń sọ ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ dà, ìwọ̀nba ló ń di ìmọ́lẹ̀. Ara dígí oníwáàtì 60 lè gbóná kọjá ìwọ̀n 100 Celsius, ibi tí omi ti ń hó. Kò sí aṣọ, bébà tàbí igbá tí n ó sún mọ́ irú ẹ̀ tí n ó lè fọkàn balẹ̀ sùn. Gílóòbù LED òde òní tó jẹ́ oníwáàtì 5 ń mú ìmọ́lẹ̀ tó tó ti wáàtì 40 àtijọ́ wá, ìdá kan nínú mẹ́jọ iná ìyẹn ló sì ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ínfátà ti yanjú nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé LED kì í gbóná o. Ọrùn rẹ̀ ló ń gbóná, níbi tí ẹ̀rọ kéékèèké inú rẹ̀ wà. Kò ní jó ohun tí a fi bò ó, ṣùgbọ́n tí a bá pa á mọ́ sínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò gbà jáde, ooru ara rẹ̀ ni yóò pa á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé gílóòbù LED kì í tọ́jọ́, inú ohun dídé ni wọ́n fi í sí. Láńpù yòówù tí mo bá ṣe, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè ti ìsàlẹ̀ wọlé, kó ti òkè jáde.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni funfun gbòò, 6500K ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Tí ó bá tàn sára igbá, ńṣe ni igbá máa ń rí bí eérú. Èyí tí mo ń wá ni 2700K, tó pọ́n díẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà elépo. Ọlọ́jà lè sọ pé ìkan náà ni gbogbo wọn, ẹ ní kó tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà níwájú yín.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ohun èlò. Mo gé ojú fèrèsé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ páálí bàtà, mo gbé gílóòbù sínú rẹ̀, mo ti gbogbo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo wá ń fi ohun èlò kọ̀ọ̀kan bo ojú fèrèsé páálí náà. Mo ṣí Bíbélì tí lẹ́tà rẹ̀ kéré sí Sáàmù 119, mo gbé e síwájú rẹ̀, ibì kan náà ni mo sì ń gbé e sí nígbà gbogbo. Èmi á kà, ọmọ iṣẹ́ mi náà á kà, torí pé ojú rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ, ti Ìyá Tíṣà kò sì tó tèmi.

Ìko ni mo kọ́kọ́ hun sí i. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá ní ìlà-ìlà, ìlà yẹn sì bọ́ sórí ojú ìwé, ó ń da lẹ́tà rú. Èèpo àgbọn kéré, ooru sì há sínú rẹ̀. N kò pẹ́ lórí àwọn méjèèjì.

Bébà àpò sìmẹ́ńtì yà mí lẹ́nu. A gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, a fi aṣọ tútù nù ún, a sá a sí ibòji. Nígbà tí mo fi bo iná, ìmọ́lẹ̀ tó jáde rọ̀, ó rí bí oyin, ó tàn káàkiri láìní ojú kan tó mú ju òmíràn lọ. Ọ̀fẹ́ ni mo rí i. Ní ìlú Gifu ní Japan, láti ọdún 1951 ni oníṣẹ́ ọnà Isamu Noguchi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà àfọwọ́ṣe àti ọparun ṣe láńpù tó gbayì káyé, nítorí náà n kò fojú kékeré wo bébà. Ohun tó bà á jẹ́ fún wa ni òjò. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Ìbàdàn lóṣù keje mú kí ó wú, ó rọ̀, etí rẹ̀ sì ká wọlé. Ó tún jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn dé ibi gbogbo nínú yàrá, ìyẹn ni pé yóò dé ojú Bàbá.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́ gba ọkàn mi. Mo ní ègé Ìbàdàndùn kan, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí. Àwọn tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò, ẹlu kò ní lè wọ ibẹ̀. Tí a bá wá gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, ẹlu á dí ìmọ́lẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ ti bò tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò tàn. Àwọn òpó Mápó dìde dúró nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ mi sáré jáde lọ pe àwọn aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa kí wọ́n wá wò ó.

Ṣùgbọ́n Sáàmù 119 kò ṣeé kà. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde kò tó, èyí tó jáde náà sì ní àwọ̀ aró díẹ̀. Mo tún fi ẹ̀kọ láfún mú aṣọ náà le kí ó lè dúró, ó le lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó pẹ́ díẹ̀, aáyán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò mú un dúró ju ẹ̀kọ lọ, kòkòrò kò sì yà síbẹ̀. Mo pa ìmọ̀ yẹn mọ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Láńpù tí a fẹ́ máa wò yàtọ̀ sí láńpù tí a fẹ́ fi kàwé. Tí ẹ bá ń ṣe ti pálọ̀, ẹ lo àdìrẹ, ẹ má sì wo ẹ̀yìn.

Mo wá gba Ọ̀yọ́ lọ. Nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, mo bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń fín igbá, àwọn igbá tó ti fín tò síwájú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo fi fọ́tò igbá Ìyá Tíṣà hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Iṣẹ́ àwọn àgbà ni èyí," ni wọ́n wí. "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ kí iná yọ lára rẹ̀ láìlu ú.

Wọn kò dá mi lóhùn kíá. Wọ́n mú àfọ́kù igbá kan tí wọ́n ti fín, wọ́n yí i padà, wọ́n wá ń fi ọ̀bẹ há a láti inú. Wọ́n há a, wọ́n ń há a, ìyẹ̀fun funfun rẹ̀ ń dà sórí itan wọn. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn. "Wò ó níbí."

Mo rí i. Ẹni tó ń fín igbá ti yọ awọ òde kúrò níbi tí ìlà bá gbà, ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Tí a bá tún há inú rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ á rí ibi wúwo tí awọ òde ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ògiri, á sì máa gba ojú ìlà nìkan kọjá. Iṣẹ́ ọnà ara igbá yóò tàn fúnra rẹ̀, ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, láìsí ihò kan. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá lọ́wọ́ aṣọ àti bébà, inú igbá ló wà.

Mo ra igbá tuntun tó nípọn lọ́wọ́ wọn, àwọn tí wọ́n ti rẹ sómi kí inú wọn jẹrà, tí wọ́n há mọ́, tí wọ́n sì ti sá gbẹ kanrin. Mo gbé wọn wálé, mo sì fi wọ́n kọ́ ọwọ́ mi.

Bí ìhá náà ṣe rí nìyí. Mo gbé gílóòbù sórí tábìlì, mo da igbá bò ó, èyí jẹ́ kí n lè máa ti òde wo ibi tó ti fẹ́lẹ́ àti ibi tó ṣì kù. Mo ṣí i, mo fi àfọ́kù ìgò há inú rẹ̀ díẹ̀, mo tún dà á bò ó. Ibi tí n kò há, milimítà 7 ló nípọn. Nígbà tí ojú ìlà bá ku bíi milimítà 3, kò tíì sí nǹkan kan. Tó bá ku 2, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó kọ́kọ́ máa ń dà bí ẹ̀jẹ̀. Tó bá sún mọ́ 1, ó di wúrà. Kọjá ibẹ̀, igbá yóò là. Sáńpépà ló yẹ kí a fi parí rẹ̀, kí ọ̀bẹ àti ìgò sinmi. A kì í sì í há a nígbà tí ó bá tutù, torí pé okùn ara rẹ̀ á máa fà ya dípò kí ó dà bí ìyẹ̀fun.

Ìgbà tí ó dá mi lójú ni mo tó ké sí Ìyá Tíṣà. Mo pa iná ṣọ́ọ̀bù, mo tan èyí tó wà lábẹ́ igbá tuntun náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ìlà tó ń tàn, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Wọ́n wá bi mí léèrè bí tiwọn náà ṣe máa rí.

Mo sọ bó ṣe wà fún wọn. Igbá ìyá wọn ti gbó ju kí a há a lọ. Ibi tí kàsẹ́ wà kò ní lè gba ọ̀bẹ, ìlà àtọwọ́ àwọn àgbà sì ti jinlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó bọ́, ó ṣeé ṣe kó fọ́, kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè dán an wò láìfi òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Mo ní ìmọ̀ràn mi ni pé kí Bàbá Ọ̀yọ́ wo ti ìyá wọn, kí ó fín iṣẹ́ kan náà sára èyí tuntun tó nípọn, kí ti àtijọ́ wà bó ṣe wà.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa náà. Kí igbá ìyá mi bímọ."

Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá Ọ̀yọ́ tẹ́ aṣọ sórí itan kí wọ́n tó gbé igbá náà lé e. Wọ́n wọn ojú mẹ́rin-mẹ́rin wọ̀nyẹn pẹ̀lú àtẹ́lẹ́ ìka, wọn kò lo rúlà. Wọ́n bi Ìyá Tíṣà bóyá ẹja tó wà nísàlẹ̀ ń wẹ̀ lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì tí wọ́n bá da igbá dé, nítorí pé bó ṣe máa dé sórí láńpù nìyẹn. Ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Tí wọ́n bá fín in bó ṣe wà, gbogbo ẹja ni yóò dojú délẹ̀. Wọ́n yí iṣẹ́ náà padà kí ó lè dúró dáadáa nígbà tí igbá bá wà ní dídé. Owó iṣẹ́ Bàbá ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a ná sórí láńpù yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdúró láńpù kò ṣòro. Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti rí gígé igi àpá tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń ṣe. Àpá wúwo, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi ṣe ìdí, òpó kan, àti apá kan tó nà síwájú. Ìdí tí mo fi ṣe apá ni pé LED kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà ọrùn rẹ̀. Tí ó bá dúró, òkè ni yóò máa tàn sí, nítorí náà ńṣe ni mo so ó kọ́ kó dojú kọ ojú ìwé. Ọrùn rẹ̀ tó ń gbóná wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Orí igbá náà ni mo lu ihò sí, ọ̀kan tí họ́dà gbà kọjá, àti kéékèèké tó yí i ká fún afẹ́fẹ́. Òrùka họ́dà fúnra rẹ̀ ló di igbá mú. Etí igbá sọ̀kalẹ̀ kọjá gílóòbù, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní rí ojú iná.

Mo dán kíkun inú rẹ̀ ní funfun wò lára igbá mìíràn, torí pé funfun ń da ìmọ́lẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ojú ìwé mọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà dí ìlà, iṣẹ́ ọnà kú pátápátá. Bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ tún burú jù, ó ń ta sí ni lójú. Mo wá kun kìkì àyíká họ́dà lókè, níbi tí Bàbá kò fín nǹkan sí, mo sì gé òpó kúrú díẹ̀ kí iná lè sún mọ́ ìwé. Bí a bá dín jíjìnnà iná sí ojú ìwé kù sí ìlàjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí ojú kan á di ìlọ́po mẹ́rin. Gígé òpó ṣe ju ohun tí ọ̀dà lè ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ wáyà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Iná 230 fóltì ni ti wa, kò mọ ọmọ kò mọ bàbá. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ni iná wà, súìṣì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó tó dé irin àárín họ́dà. Wáyà búlúù ló ń lọ sí irin ẹ̀gbẹ́ tí a ń yí gílóòbù mọ́, torí pé ìyẹn ni ọwọ́ lè kàn nígbà tí a bá ń pààrọ̀ gílóòbù. Mo ta kókó sí wáyà nínú ìdí láńpù, tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ fà á, kókó ni yóò mú un, kì í ṣe ojú ìdè. Fíúùsì ámpíà 13 ni ó máa ń wà nínú púlọ́ọ̀gì nígbà tí a bá rà á, mo yọ ọ́, mo fi 3 sí i. Họ́dà oníke ni mo lò, kò sí irin kankan ní ìta tí iná lè sá sí. Ẹni tí kò bá tíì ṣe èyí rí, kí ó pe oníná.

Súìṣì wà lára ìdí, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ owó kan sókè rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ tó bá ń tá lóru, ẹyọ owó ló máa kọ́kọ́ bá.

Kí a tó gbé e lọ, a tẹ́ ẹní, ọmọ iṣẹ́ mi dùbúlẹ̀ sí ibi tí ọkọ Ìyá Tíṣà máa ń sùn sí, mo tan láńpù. Ó ní òun ń rí ẹja, òun kò rí iná. A fi aṣọ ìbora fà á: ó yẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì, kò ṣubú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan. Mo gbẹ́ abẹ́ ìdí, mo tẹ irin àlòkù kan síbẹ̀, mo fi awọ bò ó. Kò tún ṣí ẹsẹ̀ mọ́. A fi sílẹ̀ kó tàn mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo fọwọ́ lé orí igbá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Ó ti wà nílé Ìyá Tíṣà kí ọyẹ́ tó dé. Ọyẹ́ ni mo ń ṣọ́, nítorí pé igbá máa ń sún kì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ìlà kankan kò là, àmọ́ òrùka họ́dà tú díẹ̀, igbá wá ń mì. Mo gé awọ ewúrẹ́ ní róbótó, mo fi sáàárín òrùka àti igbá, kí ó lè máa sún pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, awọ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdìmú gbogbo láńpù onígbá tí mo bá ṣe. Igbá ìyá wọn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá kan náà, kàsẹ́ rẹ̀ kò tú, àbúrò wọn tó wà ní Abẹ́òkúta sì ti ránṣẹ́ pé òun náà ń fẹ́ ọmọ kan lára rẹ̀.